Páálí ní Lọ́ńdọ̀nù, páálí táìlì ní Lẹ́kkí

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi lẹ táìlì ní Èkó kí n tó tẹ̀lé ìyàwó mi wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló gba físà iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní 2022, nígbà tí ìjọba ibí ṣì ń gbà kí irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mú ọkọ àti ọmọ dání. Oṣù kẹta 2024 ni wọ́n dá ìyẹn dúró. Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2025, wọn ò gba ẹnikẹ́ni wọlé láti òkè òkun fún iṣẹ́ náà mọ́. A ráyè wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì. Mo ní páálí, ìyẹn ìwé ìgbélùú, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ síṣẹ́ tí òfin ní kí n má ṣe. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò ní in ni mo fẹ́ sọ.

Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ níbí, nínú bọ́ọ̀sì, lórí rédíò, lẹ́nu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́: àwọn àjèjì tí kò níwèé ló ń gbaṣẹ́ mọ́ onílé lọ́wọ́, àwọn ló sì ń fa owó iṣẹ́ wálẹ̀. Mi ò lè pe ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, torí ẹnu èmi náà ti sọ ọ́ rí. Ní Àjà, ní Èkó, ni mo ti ń sọ ọ́, nípa àwọn ọmọ Togo àti ọmọ Kútọ̀nú.

Ẹni tó bá ti kọ́lé ní Èkó mọ ohun tí mò ń wí. Tó bá di ti táìlì àti POP, onílé tó fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ dán á ní, "Ẹ bá mi wá ọmọ Kútọ̀nú." Iṣẹ́ wọn mọ́, mi ò ní purọ́. Wọ́n máa ń ní sùúrù níbi igun ilé, ibi tí àwa ti máa ń fẹ́ kánjú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ká wa lára ni pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ á gba ìdajì iye tí mo bá pè. Inú ilé tá à ń kọ́ lọ́wọ́ ló ń sùn, kò san owó ilé, kò wọ ọkọ̀, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún níbi tí oúnjẹ ti rọjú. Èmi ń ti Ìbẹ̀jú wá pẹ̀lú ọmọ méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì la ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo sì wà lára àwọn tó ní kí wọ́n lé wọn.

Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Lẹ́yìn 90 ọjọ́ ńkọ́? Mi ò rí ẹni tó kà á rí. Mo bá ọmọ Togo kan ṣiṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Èkó, tí Yorùbá rẹ̀ já gaara ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Lẹ́kkí lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló kù lọ́kàn mi jù. Ilé alájà mẹ́ta kan la jọ ṣe ní Lẹ́kkí ní 2017. Kọngílá jẹ gbogbo wa lówó, táìlì, kafíńtà, péńtà. Àwa ọmọ onílé kùn, a pe fóònù títí, a lọlé. Òun kò lọ. Ó fa páálí táìlì mẹ́rin jọ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e lórí, ó ní ẹnikẹ́ni ò ní gbé ohunkóhun wọlé tàbí jáde nínú ilé náà àfi bí òun bá gbowó òun. Ọjọ́ kejì, kọngílá mú ọlọ́pàá wá. Ohun tí ọlọ́pàá kọ́kọ́ bi í ni, "Èló ni wọ́n jẹ ẹ́?" Ó dárúkọ iye náà. Wọ́n yíjú sí kọngílá. Kò sẹ́ni tó bi í níbi tó ti wá, kò sẹ́ni tó ní kó mú ìwé wá. Nígbà tílẹ̀ fi máa ṣú, ó ti gbowó. Lọ́jọ́ kẹta, kọngílá pe àwa tó kù, ó sanwó fún wa, torí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tún wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà náà. Ọkùnrin tí mo fẹ́ kí wọ́n lé lọ ló gba owó mi fún mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ibí.

Ní 2023, mo ríṣẹ́ alẹ́ kan ní ilé ọ́fíìsì ńlá kan: ilẹ̀ gbígbá, ilé ìyàgbẹ́ fífọ̀, ìdọ̀tí kíkó. Share code ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n máa fi wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá o láṣẹ láti ṣiṣẹ́. Wọn ò lè má béèrè. Láti oṣù kejì 2024, ilé iṣẹ́ tí wọ́n bá ká ẹnì kan tí kò láṣẹ mọ́ lè san ìtanràn tó tó £45,000, tó bá sì tún ṣẹlẹ̀, ó lè tó £60,000. Onílé tó fẹ́ háyà yàrá á béèrè, báńkì á béèrè. Òfin 2016 sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, débi pé ìjọba lè gbẹ́sẹ̀ lé owó tó bá fi òógùn ojú rẹ̀ rí. Kí n tó dé ni wọ́n ti gbé ọkọ̀ tí wọ́n kọ nǹkan sí lára káàkiri apá kan Lọ́ńdọ̀nù ní 2013, pé kí ẹni tí kò níwèé lọlé tàbí kí wọ́n mú un.

Ẹni tó bá gbọ́ gbogbo èyí á rò pé aláìníwèé ò lè ríṣẹ́ ṣe níbí. Ó ń rí i ṣe. Orúkọ ẹlòmíràn ló fi ń ṣe é.

Bàbá kan wà níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Físà ìbẹ̀wò ló bá wọ̀lú ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, físà náà sì parí mọ́ ọn lára. Orúkọ tó wà lára káàdì tó fi ń ṣílẹ̀kùn kì í ṣe tirẹ̀. Tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Àkáǹtì ẹni tó ni orúkọ ni owó ń lọ, ẹni yẹn á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀, á kó ìyókù fún un. Nínú £12.21 tí òfin ní kí wọ́n san fún wákàtí kan nígbà tó di oṣù kẹrin 2025, ẹ bá mi ṣírò ohun tó kù. Súpáfáísọ̀ mọ̀. Torí ó mọ̀ ló ṣe ń fi àjà kan lé mẹ́ta tó yẹ kí Ẹ̀gbọ́n fọ̀, tí kò sì fi kún wákàtí rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ó yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú bí ẹ̀bà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ sọ fún wọn kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjàǹbá."

Ó wò mí. "Àbúrò, orúkọ ta ni kí wọ́n kọ?"

Ó fi ọwọ́ òsì fọ ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni.

A ní obìnrin òyìnbó kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ náà, wọ́n bí i sí àdúgbò ibẹ̀, ó sì ti lo ogún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí. Òun ló sọ fún mi pé owó wa kì í fi sísì kan kúrò lójú ibi tí òfin bá fi sí. Ó ní tí òun bá kọ̀ láti fọ àjà kẹrin, súpáfáísọ̀ á ní kò burú, ẹnìkan wà tí yóò fọ̀ ọ́. Ẹni yẹn ni Ẹ̀gbọ́n. Obìnrin náà kò kórìíra rẹ̀, òun ló ra báńdéèjì fún un. Ṣùgbọ́n ó sọ pé tó bá di ìbò, ẹni tó bá ní òun máa kó gbogbo wọn lọ ni òun máa dìbò fún. Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Àpò rẹ̀ ló ń dùn ún, bó ṣe dùn mí ní Àjà.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwádìí kan tí Báńkì Ìjọba Ìlú Ọba gbé jáde ní 2015 sọ pé níbi àwọn iṣẹ́ tí kò gba ìwé ẹ̀rí ńlá, bí àjèjì bá fi mẹ́wàá pọ̀ sí i nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, owó iṣẹ́ ibẹ̀ á fi nǹkan bíi méjì dín nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo àjèjì ni wọ́n kà, wọn ò ya aláìníwèé sọ́tọ̀. Owó náà kéré lójú ẹni tó ń gbowó ńlá. Lójú ẹni tó ń ka sísì kó tó ra búrẹ́dì, kò kéré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún obìnrin yẹn pé àlá ló ń lá. Ohun tí èmi fi ń ta kò ó ni ibi tó ń wò. Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló dín owó wa kù. Ẹ̀rù tó wà lára Ẹ̀gbọ́n ni súpáfáísọ̀ ń tà, gbogbo wa la sì ń san owó rẹ̀. Ká ní Ẹ̀gbọ́n lè fa páálí jọ sẹ́nu ọ̀nà kó sì jókòó ni, obìnrin yẹn ì bá sinmi àjà kẹrin.

Kódà ilé ẹjọ́ ò rọrùn fún aláìníwèé. Wọ́n fi ìwé èké mú ọmọbìnrin kan wá láti Nàìjíríà ní 2007, kò ju bí ọmọ 14 lọ, láti máa ṣiṣẹ́ ilé fún ọmọ Nàìjíríà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣèlérí ilé ìwé àti £50 lóṣù fún un. Wọ́n lù ú, nígbà tó sì di 2008, wọ́n lé e síta lálẹ́. Títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ni ẹjọ́ náà dé. Ní 2014 ni wọ́n tó gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ lórí ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ nítorí ipò rẹ̀. Ti owó iṣẹ́ rẹ̀ ti bọ́ tipẹ́, torí iṣẹ́ tí òfin ò fọwọ́ sí ni.

Lójú ọ̀pọ̀ òyìnbó, aláìníwèé ni ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi kékeré gba orí òkun Faransé wọlé. Ní 2024, wọ́n lé ní 36,000. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí mo mọ̀ tí kò ní páálí ló bá bàálù wọlé pẹ̀lú físà gidi, físà ló parí. Nígbà tí wọ́n tan irọ́ kálẹ̀ ní ìparí oṣù keje 2024 pé ẹni tó bá ọkọ̀ ojú omi wá ló pa àwọn ọmọdébìnrin ní Southport, rúkèrúdò dé Rotherham, wọ́n fẹ́ dáná sun òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn tó ń wá ibi ìsádi ń gbé. Cardiff níbí ni wọ́n ti bí apànìyàn náà. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi tí mo ní páálí pàápàá, mo sin ìyàwó mi dé ibùdókọ̀ láàárọ̀, mo tún lọ pàdé rẹ̀ lálẹ́.

Mi ò fẹ́ kí ẹni tó ń kà á nílé máa rò pé Èkó sàn. Ọmọbìnrin Kútọ̀nú tó wà nínú ilé ìdáná wa ńkọ́, tí ẹni tó mú un wá ń gbowó oṣù rẹ̀? Òun ni Ẹ̀gbọ́n tiwa. Ọjọ́ tí ìjọba Shagari sì fẹ́ béèrè ìwé, ó béèrè ẹ̀. Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní 1983 ni mínísítà kéde pé kí àwọn àjèjì tí kò níwèé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Owó epo ti wálẹ̀, ìbò ń bọ̀. Àwọn ará Gánà di ẹrù sínú báàgì onílà tí a fi wọ́n sọ lórúkọ títí dòní. Bàbá mi jẹ́ ọ̀dọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ó ní inú òun dùn, òun rò pé iṣẹ́ máa pọ̀. Ọdún yẹn ò tíì parí tán tí sójà gbàjọba, nígbà tó di 1984 wọ́n ń lé ọmọ onílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́pọ̀ yanturu. Ní 1985, wọ́n tún lé àwọn àjèjì lẹ́ẹ̀kejì.

Ó sì yẹ kí bàbá mi mọ̀. Tamale ní Gánà ni wọ́n bí i sí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kó fi jáde ní Gánà, àwọn Yorùbá oníṣòwò sì pọ̀ nínú wọn. Aṣọ ni bàbá àgbà mi ń tà. Bàbá mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí wọ́n kó wọn sórí ọkọ̀ akẹ́rù. Aṣọ díẹ̀ àti ìwé àkọsílẹ̀ kan, tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sí, ni bàbá àgbà rí mú jáde. Ìwé náà ṣì wà nínú àpótí nílé wa. Nígbà tí mo kéré, mo máa ń ka orúkọ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó san.

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé iṣẹ́ ilé ọ́fíìsì náà fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn tuntun ní kí gbogbo wa tún fi share code sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n kò sì wá mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ṣe tí kò gbowó ẹ̀. Mo lọ kí i ní yàrá tó ń gbé ní Peckham. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ pílò. Ó ti kọ gbogbo ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ síbẹ̀ àti iye wákàtí, àti àjà kẹrin náà, ó fàlà sí i lábẹ́. Orúkọ tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́ ni èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.