Ọdún ń parí lọ, ilé tí wọ́n ti tọ́ mi ṣì ń bá mi rìn

Kálukú ti ń ka ohun tó rà àti ibi tó dé lọ́dún yìí, tèmi ò pọ̀ níbẹ̀ yẹn jàre. Ohun tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà ṣe ṣì ń darí mi, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pàṣẹ fún mi mọ́.

Wọn ò lù wá púpọ̀ nílé wa o, kẹ́ ẹ má rò pé ẹgba ni mo fẹ́ sọ. Bàbá mi, tínú bá bí wọn, wọ́n máa ń dákẹ́ ni. Wọn ò ní jẹ́ ẹ káàárọ̀, wọn ò ní wojú ẹni, ó lè di ọjọ́ mélòó kan, kò sì sẹ́ni tó máa sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe fún yín, tó bá wá tó àkókò wọ́n á kàn ní ká bá wọn gbé rédíò wá, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà tínú wọn bá dùn, mo mọ tìgbà tí kò dùn náà.

Èmi tí mo ti dàgbà, tí mò ń sanwó ilé ara mi, tẹ́nì kan bá ka mẹ́séèjì mi tí ò dáhùn, àyà mi á já. Ọ̀gá wa kọ "ó dáa" lásán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn wò, ìpàdé ni ọ̀gá wà ní tiẹ̀! Àmọ́ ọgbọ́n kan náà ló jẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni wọ́n máa ń pè níbi iṣẹ́ tí oníbàárà bá ti fẹ́ gbaná jẹ, torí mo máa ń rí i lójú ẹ̀ kó tó lanu.

Lọ́dún 1978, Edward Tronick, onímọ̀ nípa bí ọmọdé ṣe ń dàgbà, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n ní kí ìyá máa bá ọmọ jòjòló ẹ̀ ṣeré, lẹ́yìn náà kó kàn dákẹ́, kó má fi nǹkan kan hàn lójú. Ọmọ á rẹ́rìn-ín sí i, á tún gbìyànjú láti fà á mọ́ra, tí kò bá rí èsì á gbójú kúrò. Ìbínú òbí ò burú tó bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, gbogbo ilé ni wọ́n ti ń bínú, pé ẹnì kankan ò padà wá tún un ṣe ló ń dúró síni lára.

Àbúrò mi ní tiẹ̀, ariwo ló máa ń pa, ó parí níbẹ̀. Ó lóun ò tiẹ̀ rántí ìdákẹ́jẹ́ kankan. Ilé kan náà o!

Mo bi bàbá mi léèrè nípa ìdákẹ́jẹ́ yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tínú bá bí bàbá tiwọn, àwọn méjèèjì kì í tiẹ̀ jọ wà ní yàrá kan náà. Àwọn tó ń ní ká kọ òbí sílẹ̀ tìtorí irú èyí, mi ò sí lẹ́yìn wọn, mi ò sì sí lẹ́yìn àwọn tó ní ká panu mọ́.

Àdéhùn èmi àtìyàwó mi báyìí ni pé ẹni tínú ń bí lè dákẹ́, àmọ́ kó sọ ìgbà tó máa padà wá sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní ó di ìrọ̀lẹ́, ìrọ̀lẹ́ dé, mò ń fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó wá dúró tì mí, ó ní "ìrọ̀lẹ́ ti dé o". Mo ṣáà sọ ọ́, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu.