Kùrukùru ní Port Nolloth: mo tọ ipasẹ̀ ṣọ́jà tó ń ya ẹranko

Kùrukùru ti bo gbogbo etíkun nígbà tí a kúrò ní Port Nolloth láàárọ̀ ọjọ́ kẹta. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀ tan iná iwájú, síbẹ̀ ó ń fẹsẹ̀ lé bíréèkì ní gbogbo ìgbà. Òkun wà lọ́wọ́ òsì wa, à ń gbọ́ ọ, a ò rí i. Láti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, a ti rin nǹkan bí 700 kìlómítà, ó sì ku bíi 85 kí a tó dé Alexander Bay, níbi tí odò tí àwọn máàpù ń pè ní Orange ti ń wọnú òkun.

"Ṣé torí odò lo ṣe wá láti Ìbàdàn ni?" Ẹ̀gbọ́n bi mí.

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Torí ẹni tó yà á ni."

Bàbá mi ṣe iṣẹ́ ṣọ́jà títí ó fi fẹ̀yìntì. Nígbà tí a wà ní bárékè, bí kò bá rẹ̀ ẹ́ jù lálẹ́, yóò fa ewé kàlẹ́ńdà tí oṣù rẹ̀ ti kọjá ya, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, yóò sì fi pẹ́ńsù ya lékèélékèé tó ń tọ màlúù lẹ́yìn. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó máa ń ní kí n ka èékánná ẹyẹ náà kí òun má baà yà á tán kó kù síbì kan. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí mo rí àwọn àwòrán tí Robert Jacob Gordon yà lórí ìkànnì Rijksmuseum, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ńlá tó wà ní Amsterdam, tí mo sì kà pé ọ̀gá ṣọ́jà ni, mi ò sùn bọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi àwọn àwòrán náà síbẹ̀. Mo kó wọn sórí fóònù mi, mo sì ń tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú.

Ìlú Doesburg ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì ni wọ́n bí Gordon sí ní 1743. Ìran Scotland ni bàbá rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọmọ ogun Scotland tó ń sin ìjọba àwọn Dutch. Gordon náà gba ibẹ̀. Ó kọ́kọ́ dé Cape, agbègbè tí Cape Town wà, ní 1773, ó padà sí Yúróòpù, Diderot onímọ̀ ará Faransé sì bá a níbẹ̀ ní ìlú The Hague ní 1774, ó ń bi í léèrè nípa àwọn Khoekhoe, ọ̀kan lára àwọn onílẹ̀ Cape, torí Gordon ti gbé láàárín wọn, ó sì ń gbọ́ èdè wọn. Ní 1777 ó padà sí Cape gẹ́gẹ́ bíi kápútẹ́nì lábẹ́ ilé-iṣẹ́ VOC, àwọn oníṣòwò Dutch tó ń bá Éṣíà ná ọjà lórí omi tí wọ́n sì ní àwọn ọmọ ogun tiwọn. Ní 1780, òun ni ọ̀gá pátápátá fún gbogbo ṣọ́jà tó wà ní Cape.

Ọjọ́ tí mo balẹ̀, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ. Castle of Good Hope ni wọ́n ń pè é, odi olókùúta oníigun márùn-ún tí wọ́n kọ́ láti 1666 sí 1679. Mo rìn káàkiri inú rẹ̀, mo wo àgbàlá, mo wo yàrá tí wọ́n ń ti ènìyàn mọ́. Ara mi kò balẹ̀ níbẹ̀. Ilé àwọn tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ ni, òkúta rẹ̀ sì tutù. Nígbà tí mo gun orí odi tí mo kọjú sí Table Mountain ni mo tó lè mí dáadáa.

Orí odi yẹn ni mo ti ṣí fóònù mi. Ọ̀nà tí Gordon ń gbà ya ilẹ̀ yàtọ̀. Yóò dúró sójú kan, yóò ya ohun tó wà níwájú rẹ̀ láti ọwọ́ òsì títí dé ọwọ́ ọ̀tún bí ẹni tó ń yí ọrùn díẹ̀díẹ̀, yóò sì lẹ bébà mọ́ bébà títí àwòrán náà yóò fi gùn ju ènìyàn lọ. Kì í fi igi tàbí àwọsánmọ̀ tí kò sí níbẹ̀ dára sí i. Yóò kọ ọ̀rọ̀ sára rẹ̀: orúkọ òkè, ibi tí odò gbà, bí ọ̀nà ṣe jìn tó. Ó ní ayàwòrán kan tó ń ràn án lọ́wọ́, Johannes Schumacher, nítorí náà kì í ṣe ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà lára gbogbo wọn. Àwọn tó wà ní Rijksmuseum ju 400 lọ: ilẹ̀, ewéko, ẹyẹ, erinmi, àgùnfọn, àti àwọn ènìyàn, Khoekhoe, San, Xhosa.

Àwọn ẹranko ni mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó bá ti gbọ́ kí ọdẹ sun ìjálá rí mọ̀ bí ọdẹ ṣe ń ki ẹfọ̀n, tí yóò ki ìwo rẹ̀, ki ẹsẹ̀ rẹ̀, ki bó ṣe ń wo ènìyàn. Ojú ọdẹ bẹ́ẹ̀ ni Gordon ní. Òótọ́ ni pé ìbọn ló kọ́kọ́ máa ń sọ̀rọ̀. Ní 1779, wọ́n pa àgùnfọn kan ní òdìkejì odò tí à ń lọ yìí, ó wọ̀n ọ́n láti orí dé pátákò, ó sì fi awọ àti egungun rẹ̀ ránṣẹ́ sí Nẹ́dálándì. Àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù nígbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ju ìtàn àgbọ́sọ lọ nípa ẹranko yìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Allamand ní ìlú Leiden gba ohun tí Gordon kọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ṣọ́jà tó dúró nínú eruku ni ọ̀jọ̀gbọ́n fi ń kọ́ ayé.

Ọ̀nà N7 dára. Ọjọ́ kìíní a sun Clanwilliam, ọjọ́ kejì a kọjá Springbok. Oṣù Kẹjọ ni, ìgbà òtútù wọn, ìgbà náà sì ni òjò máa ń rọ̀ ní Namaqualand. Àwọn ènìyàn ti sọ fún mi nípa òdòdó ibẹ̀, mo rò pé àsọdùn ni. Ilẹ̀ tó jẹ́ òkúta àti iyanrìn ní ìyókù ọdún, òdòdó aláwọ̀ ọsàn bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ́ aṣọ. Kì í là àfi bí oòrùn bá tàn. Láàárọ̀ tí ojú ọjọ́ ṣú, ilẹ̀ wà ní àwọ̀ ewé lásán. Nígbà tó di nǹkan bí aago mọ́kànlá, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró," àwa méjèèjì sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, à ń wò ó bó ṣe ń là. Ẹ̀gbọ́n ti gbé orílẹ̀-èdè náà fún ọdún mẹ́rìnlá, kò dé ibẹ̀ rí.

Ohun tí a fi ọjọ́ mẹ́ta rìn nínú mọ́tò, Gordon àti William Paterson, ará Scotland tó ń wá ewéko, fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà rìn ín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọdún méjì ṣáájú, Gordon ti rí odò ńlá kan jìnnà réré sí òkun, ó sì fẹ́ mọ ibi tó já sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ, 1779, ó gbé ọkọ̀ kékeré sórí omi ní ẹnu odò náà, ó na àsíá Dutch sókè, ó sì sọ odò náà ní Orange, orúkọ ìdílé ọmọba tó ń sìn.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mí. Odò yẹn ní orúkọ. Àwọn Khoekhoe ń pè é ní Gariep. Gordon mọ̀, torí ó máa ń béèrè orúkọ ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, ó sì ń kọ wọ́n sílẹ̀ tọkàntọkàn. Ẹni tó gbọ́ èdè wọn náà ló wá gbé orúkọ mìíràn lé e. Àwa tí máàpù sọ Odò Ọya wa di Niger mọ bó ṣe ń rí lára. Mo fẹ́ràn ọwọ́ ọkùnrin yìí púpọ̀, mi ò sì lè bá a pe odò náà bó ṣe pè é.

Kùrukùru ká nígbà tó kù díẹ̀ kó di ọ̀sán. Ọgbà wáyà àwọn awakùsà dáyámọ́ǹdì ti bá wa rìn láti Port Nolloth, pẹ̀lú pátákó pé kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Ní ilẹ̀ yìí ni àwọn ará Richtersveld ti pe ẹjọ́ pé àwọn ni wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ àwọn, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lórí òfin ìpìlẹ̀ sì dá wọn láre ní 2003. Lẹ́yìn náà ni a rí omi. Odò náà ti rin nǹkan bí 2,200 kìlómítà láti orí òkè Lesotho, síbẹ̀ nígbà tó dé òkun, ó rọra tẹ́ ara rẹ̀ sí ààrin koríko àti iyanrìn. Ẹyẹ pọ̀. Flamingo dúró lórí ẹsẹ̀ kan ní ọ̀nà jíjìn. Nàmíbíà wà ní òdìkejì.

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Nama, ọ̀kan lára àwọn Khoekhoe, ń fi ìwọ̀ pẹja. A kí i, a jókòó. Mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù, ẹnu odò, òkun, ilẹ̀ títẹ́jú. Ó fi ìka fẹ̀ ẹ́, ó wò ó pẹ́. Ó ní iyanrìn ti ṣípò. Mo bi í pé kí ni òun ń pe odò náà. Ó pè é, pẹ̀lú ìró tí ahọ́n mi kò lè mú jáde, ó tún un pè fún mi ní ìgbà mẹ́ta.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn, a dé Muizenberg ní Cape Town, etíkun tí àwọn ọmọdé ti ń sáré báyìí. Ibẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ja Cape gbà ní 1795. Ọmọba Orange ti sá lọ sí London lọ́dún náà, ó sì kọ ìwé pé kí wọ́n gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́tẹsẹ̀. Gordon jẹ́ ti ọmọba. Ó rò pé wọ́n wá dáàbò bo ilẹ̀ náà fún un. Àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n nà sókè, àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ sì pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọmọ ọdún 52 ni.

Mo pe bàbá mi láti etíkun yẹn, mo ròyìn gbogbo rẹ̀. Mo rò pé yóò béèrè nípa àwọn ẹyẹ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́?"

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Ní 1789, wọ́n fi àgùntàn merino ti ilẹ̀ Spéìn ránṣẹ́ sí Gordon ní Cape. Nígbà tí wọ́n ní kó dá wọn padà, ó dá àwọn tí wọ́n fún un padà, ó sì dá ọmọ wọn dúró. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, opó rẹ̀ ta díẹ̀ nínú wọn fún àwọn ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, wọ́n sì dé Ọsirélíà ní 1797, níbi tí wọ́n ti wà lára ìpìlẹ̀ àwọn agbo merino ilẹ̀ náà. Àwọn ìwé àti àwòrán rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà pípẹ́, kí Rijksmuseum tó ra àwọn àwòrán náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún.

"Mo bi ọ́ nípa ìyàwó, o ń sọ̀rọ̀ àgùntàn fún mi. Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Susanna Nicolet, bàbá."

Ó ní kí n tún un pè, díẹ̀díẹ̀, kí òun lè kọ ọ́ sílẹ̀.