Ẹ Má Fi Àwòrán Nìkan Ṣe Ìkéde
Iṣẹ́ mi ni kíkọ ọ̀rọ̀ sí ìkànnì ayélujára fún àwọn ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ tí ó wúlò jù lọ tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé, púpọ̀ nínú ohun tí ń dínà mọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá lórí ayélujára, ọwọ́ ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ wà, kò sì gba owó ńlá.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ tí kò ríran, máa ń lo TalkBack, èyí tí ń ka ohun tí ó wà lójú fóònù Android sókè. Mo jókòó tì í nígbà tí ó ń wá ọjọ́ ìdánwò ìgbaniwọlé lórí ìkànnì ilé-ìwé kan. Ó ń fi ìka fa ojú fóònù, ohùn náà sì ń sáré sọ̀rọ̀ débi pé etí tèmi kò lè bá a. Nígbà tí ó dé ibi tí ìkéde wà, orúkọ fáìlì nìkan ni ó gbọ́: lẹ́tà mélòó kan àti ọ̀wọ́ nọ́ńbà gígùn. Ọjọ́, aago, iye owó fọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti kó sínú àwòrán aláràbarà kan. Ó ní kí n bá òun kà á, mo sì kà á, ṣùgbọ́n ó dùn mí pé ẹni tí ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní láti wá ẹni tí yóò ka ìkéde fún un.

Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ràn àwòrán ìkéde, ẹ tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti fọ́tò, ẹ kọ àlàyé (alt text, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yóò kà sókè dípò fọ́tò) tí ó sọ ohun tí fọ́tò náà wà fún. “Fọ́tò” lásán kò sọ nǹkan kan. Bí ó bá jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán, ẹ fi àyè àlàyé náà sílẹ̀ lófìfo nínú kóòdù (alt=""), kí ohùn náà lè fò ó.

Ẹni tí ń fi etí kàwé máa ń fò láti orí àkọlé kan dé òmíràn, nítorí náà ẹ lo àkọlé gidi, èyí tí a yàn ní “Heading” nígbà tí a ń kọ ọ́, nítorí pé lẹ́tà tí a kàn mú nípọn kò jẹ́ àkọlé létí ẹ̀rọ. Ó tún lè pe gbogbo líǹkì jọ ní ẹsẹẹsẹ. Bí “Tẹ ibí” bá kún ibẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí yóò tẹ̀?

Ọ̀rọ̀ èdè wa jẹ mí lógún jù. Ẹ kọ lang="yo" sínú kóòdù ojú ewé, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé Yorùbá ni. Ẹ fi Unicode, ìlànà àgbáyé tí ó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, tẹ ẹ̀ àti ṣ, torí pé àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan fi àmì mìíràn rọ́pò lẹ́tà wa: ojú rí Yorùbá, etí gbọ́ ìdàrúdàpọ̀.

WCAG, ìlànà bí ìkànnì yóò ṣe rọrùn fún akàndá ẹ̀dá láti lò, tí W3C, àjọ tí ń ṣètò ìlànà ayélujára lágbàáyé, gbé kalẹ̀, tí ẹ̀dà 2.2 rẹ̀ sì jáde ní 2023, sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín àwọ̀ lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 4.5 sí 1. Lẹ́tà eérú lórí funfun sábà máa ń kùnà níbẹ̀, ó sì ń ni àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lára. Fídíò ní tirẹ̀ nílò ọ̀rọ̀ kíkọ nísàlẹ̀ fún àwọn adití.

Kí ẹ tó gbé ojú ewé jáde, ẹ fi bọ́tìnì Tab nìkan rìn ín já láìfọwọ́kan máòsì, kí ẹ sì fi NVDA, ètò tí ń ka ojú kọ̀ǹpútà sókè, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí Windows, tẹ́tí sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e fún akàndá ẹ̀dá kan kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un bí ẹ ti ń san fún ẹni tí ó ya àwòrán yín.