Ìwé Owó Tí Wọ́n Fi Lé Mi Lọ́wọ́

Iṣẹ́ adìrẹ ni mo fi ń jẹun ní Òṣogbo, nítorí náà, nígbà tí wọ́n pè mí sí ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn obìnrin tó fẹ́ máa ṣáájú ní àdúgbò, mo rò pé àwọn tó mọ̀wé ló wà fún. Oṣù mẹ́ta la fi ń pàdé ní gbogbo Sátidé.

Ìtàn àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn láti tako owó orí títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, wú mi lórí, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yí mi padà. Ìwé owó ni. Wọ́n fi mí ṣe akápò, wọ́n ní kí n máa ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sétí gbogbo ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwé náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, èékánná mi tí aró ti sọ di dúdú sì ń tì mí lójú. Mo ṣi ẹgbẹ̀rún méjì náírà kà. Ìyá àgbà kan ní, “Ìyá Ìbejì, rọra, padà sí ìlà kẹta.” Mo padà, mo sì gbà pé èmi ni mo ṣì í, ohun tí n kì í gbà níwájú ọkọ mi pàápàá.

Nígbà tí gọ́tà wa dí lójò tó kọjá, èmi ni mo pe ìpàdé, tí mo sì kọ orúkọ ilé tó dáwó àti èyí tí kò dá. Ilé ẹ̀gbọ́n mi wà lára àwọn tí kò dá. Mo kà á jáde.