Ilé Gbígbé Tó Di Sítúdíò Àwọn Olórin Rọ́ọ̀kì Kristẹni

Ẹni tó bá fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì àwọn Kristẹni ilẹ̀ Amẹ́ríkà bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ yóò ti bá orúkọ Green Room pàdé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àwo orin tó jáde lẹ́yìn ọdún 1990. Ilé gbígbé ni Green Room, ní ìlú Huntington Beach ní ìpínlẹ̀ California. Ibẹ̀ ni Gene Eugene, akọrin ẹgbẹ́ Adam Again, ń gbé nígbà ayé rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti ń gba orin àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀.

Kò rọrùn láti gba orin sílẹ̀ nínú ilé bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Larry Norman, olórin rọ́ọ̀kì Kristẹni, gbé àwo tirẹ̀ jáde lọ́dún 1969, ilé iṣẹ́ orin ńlá Capitol ló wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé sítúdíò ńlá, tó ń gba owó ní wákàtí wákàtí, ló ní ẹ̀rọ tó yẹ. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ka rọ́ọ̀kì sí orin ayé, àwọn oníṣòwò orin sì ka ọ̀rọ̀ Jésù sí ohun tí kò lè tà, nítorí náà ìwọ̀nba olórin ló rí ẹni bá wọn san irú owó bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ TASCAM gbé Portastudio jáde, ẹ̀rọ kékeré tí ènìyàn lè fi gba orin sílẹ̀ nínú ilé. Kásẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló ń lò, ṣùgbọ́n ó ń gba ohùn mẹ́rin sí i lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń lo ojú méjèèjì kásẹ́ẹ̀tì náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ń yí i ní ìlọ́po méjì eré tó máa ń sá kí ohùn lè mọ́, débi pé ìṣẹ́jú 15 péré ni kásẹ́ẹ̀tì oníṣẹ́jú 60 ń gbà. Ẹni tí ohùn mẹ́rin kò bá tó ní láti da ìlù, béèsì àti gìtá pọ̀ sí àyè ohùn kẹrin, kó pa mẹ́ta ìyókù rẹ́, kó tó kọ orin sí i. Bí ó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò lè dín ìlù nìkan kù mọ́, ariwo kásẹ́ẹ̀tì náà yóò sì máa ga sí i. Mo gbà pé ìnira yìí kọ́ ọ̀pọ̀ olórin láti mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Lọ́dún 1992, ADAT, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ti ilé iṣẹ́ Alesis, dé sọ́jà, ó ń gba ohùn mẹ́jọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ènìyàn sì lè so ẹ̀rọ púpọ̀ pọ̀. Mark Heard, olórin Kristẹni mìíràn, ní sítúdíò nínú ilé tirẹ̀ náà, níbi tó ti ṣe àwọn àwo tó gbé jáde kẹ́yìn kó tó kú lọ́dún yẹn kan náà.

Ohun tó wù mí jù nípa Green Room ni pé olórin ló jókòó sídìí ẹ̀rọ, ẹni tó mọ ibi tí orin ti ń dùn àti ibi tí ó ti ń kọsẹ̀. Gene Eugene ló bá ẹgbẹ́ olórin Starflyer 59 darí àwo tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1998. Inú ilé náà ló kú sí ní March 20, 2000, ní ẹni ọdún 38. Terry Taylor, Mike Roe àti Derri Daugherty, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Lost Dogs pẹ̀lú rẹ̀, ló bá orin ẹgbẹ́ náà lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀.