Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ Ilé Ọmọ Yín Láì Ṣe Scan

Ọ̀sẹ̀ 9 ni oyún mi wà lọ́jọ́ náà. Mò ń ná ata lọ́wọ́ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, ni nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ bá ṣàn sí mi nítan. Mo rò pé òógùn ni. Nígbà tí mo dé ilé ìyàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ pupa ni. Ọ̀kan ti ṣẹ́ mọ́ mi lára rí, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe mọ bí ara mi ṣe gbọ̀n.

Mo gun máruwá lọ sí ilé ìwòsàn kan (mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí). Nọ́ọ̀sì wo páàdì mi, ó ní, "Màdáámù, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ mówó wá ká fọ ilé ọmọ yín." Kò fọwọ́ kàn mí, kò yẹ nǹkan kan wò. Wọ́n ti tẹ́ ọ̀rá dúdú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ti lọ sí ATM. Mo ti bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan, mò ń wo ọ̀rá yẹn, omijé ń kán sórí bàtà kejì, ni àǹtí mi pè.

"Wọ́n ti ṣe scan?"

"Rárá o."

"O sì fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn? Dìde!"

Mo wọ bàtà mi padà.

Níbi tí a ti ṣe scan, ọkàn ọmọ ń lù kì-kì-kì. Ẹnu ilé ọmọ ṣì padé. Torí èyí tó ti ṣẹ́ tẹ́lẹ̀, dókítà kọ progesterone (oògùn tó ń ran oyún lọ́wọ́ láti dúró) 400 mg fún mi, mò ń tì í sójú ara láàárọ̀ àti lálẹ́ títí dé ọ̀sẹ̀ 16. Ẹ̀jẹ̀ dá. Ọmọ ń tapá bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ ṣe scan. Èkejì: ẹ̀jẹ̀ nìkan ò sọ pé oyún ti lọ, ẹ ṣáà ṣe scan. Bí oyún ṣì kéré tí wọn ò rí ọkàn, ẹ ní kí wọ́n tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá ọkọ mi ní kí n dùbúlẹ̀ fún oṣù kan. Dókítà ní ìdùbúlẹ̀ kì í dá oyún dúró. Àgbo tí wọ́n gbé wá, mo dà á nù (kì í ṣe àrífín o). Ṣùgbọ́n bí páàdì bá ń kún láàárín wákàtí kan, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí ìrora dé èjìká, ẹ má jókòó sílé. Oyún lè wà níta ilé ọmọ.

Nọ́ọ̀sì yẹn pe ọkọ mi lọ́jọ́ kejì. Owó ọ̀rá tí wọ́n tẹ́ ló ń béèrè.