Òkè Màpó inú tíréè: ibi tá a bá iṣẹ́ dé

Sátidé méjì sẹ́yìn la bẹ̀rẹ̀, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́fà inú kọ́mpáúndì wa n'Íbàdàn. Mo fẹ́ kí wọ́n fojú ara wọn rí bí òjò orí òkè ṣe ń dodò, torí gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ò ju pé gọ́tà ló ń gbómi lọ. Tíréè búrẹ́dì kan la lò, a fi bébà àti sítáàṣì mọ òkè, a wá lẹ amọ̀ lé e. Sítáàṣì ò tíì gbẹ, ni gbogbẹ̀ bá wó. Ọjọ́ kejì a kó àfọ́kù búlọ́ọ̀kù sábẹ́ ẹ̀, ó sì dúró.

Wọ́n sọ òkè náà ní Màpó, a gbẹ́ odò méjì, Ògùnpa lápá kan, Kúdẹtì lápá kejì. Mo dáhò sídèérí ìgò oníke, òjò dé nìyẹn. Ni ọmọ kan bá ní, "Àǹtí, omi kan náà la dà, kí ló dé tó pín sọ́nà méjì?" Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ pariwo. Mo ní kó fi ìka tọ góńgó òkè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pé gbogbo ilẹ̀ tó kọjú síbí, Ògùnpa ló lomi ẹ̀, títí kan èyí tó bọ́ sórí páànù ilé ẹni tí ò tiẹ̀ rí odò náà rí.

Àná ló wá dùn jù. A lẹ fómù bẹ́ẹ̀dì mọ́ apá kan bí igbó, a fi ọ̀rá bo ìkejì bíi sìmẹ́ǹtì àti ìńtálọ́ọ̀kì. Kọ́ọ̀bù omi kan síbí, kan sọ́hùn-ún. Níbi fómù a kà dé 20 kómi tó máa kán, níbi ọ̀rá a ò tíì ka ẹ̀ta tó fi gbé àwọn ilé ìdérí kóòkì lọ. Mo wọ́n búlùú sókè bí ọ́ìlì mẹkáníìkì, òjò tún rọ̀, ó wá sàlẹ̀. Ọmọbìnrin tó nilé ìsàlẹ̀ pátápátá fẹ́ẹ̀ sunkún, ó ní, "Èmi ò da nǹkan kan!"

Ìgbà tá a fi ọ̀rá píọ́ wọ́tà dí odò, màmá àgbà ilé wa jáde, wọ́n jókòó, wọ́n sọ Omíyalé 31 oṣù Kẹjọ 1980 fún wọn, Ògùnpa tó kún tó pa èèyàn tó lé ní 200. Kò sẹ́ni tó mira.

Amọ̀ ti ń sán lókè, mo ní láti fomi pa á kó tó di Sátidé.